Mo fi RAM 8GB sínú kọ̀ǹpútà mi, 3.2GB péré ló ń lò: níbo ni ìyókù wọlé sí?

Dell OptiPlex 7010 tó jáde ní 2012 wà lára àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ilé. Èyí tó tóbi, tó máa ń dá dúró lórí ilẹ̀, la fi ṣe àpẹẹrẹ níbí. Ihò RAM (pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) mẹ́rin ló ní, ó sì lè gba 32GB.

Mo ra RAM 4GB méjì, ó tàn, Windows sì rí 8GB, ṣùgbọ́n ó ní 3.2GB nìkan ni òun lè lò. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Rárá o. Ẹ má tíì bá ẹni tó tà á fún yín jà. Windows 32-bit ló ṣeé ṣe kó wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Gbogbo ibi tí nǹkan ń gbé nínú RAM ló ní ojúlé tirẹ̀, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà ládùúgbò. Windows 32-bit ti inú ilé kì í ka ojúlé kọjá 4,294,967,296, ìyẹn 4GB géérégé. Ilé tó bá wà lẹ́yìn ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sí lẹ́tà tó máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Nínú 4GB yẹn náà, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde, BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé) àtàwọn mìíràn ti gba ojúlé tiwọn. Èyí tó ṣẹ́kù ni 3.2GB tí ẹ rí. Bí ẹ bá tún kó 16GB sí i, bákan náà ló máa rí.

Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ This PC, ẹ mú Properties, kí ẹ ka ìlà System type. Bó bá jẹ́ “32-bit operating system, x64-based processor” ló kọ síbẹ̀, x64 yẹn ni ìròyìn ayọ̀: processor yín, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, lè gbé 64-bit, Windows tó wà lórí ẹ̀ ni kò jẹ́. Ṣùgbọ́n 32-bit kì í yí padà di 64-bit lórí ìjókòó. Ẹ máa nu Windows àtijọ́ kúrò, ẹ ó sì fi 64-bit sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín sórí flash tàbí hard disk mìíràn. Ẹ tún wò ó bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ní dráífà 64-bit (ètò tí Windows fi ń bá a sọ̀rọ̀), torí àwọn tó ti pẹ́ gan-an lè má ní.

64-bit ni tèmi, síbẹ̀ 4GB péré ló rí nínú 8GB.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú RAM méjèèjì má jókòó dáadáa, tàbí kó ti bàjẹ́. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ máa tẹ F2 bí àmì Dell bá ti yọ. Inú BIOS nìyẹn. System Information máa sọ iye tó wà nínú DIMM, ìyẹn ihò RAM, kọ̀ọ̀kan. Bí BIOS bá rí 8GB tí Windows kò sì jẹ́ kí ẹ lò ó tán, ẹ wá msconfig nínú Start, ẹ ṣí i, ẹ lọ sí Boot, Advanced options, kí ẹ yọ àmì tó wà nínú Maximum memory. Wọ́n sábà máa ń fi ọwọ́ ara wọn fi síbẹ̀, wọ́n á rò pé ó máa mú un yára.

Irú èwo gan-an ni kí n rà?

DDR3 (ìran RAM kẹta) ti desktop, èyí tí wọ́n kọ PC3-12800U sí lára. PC3L-12800U náà máa ṣiṣẹ́. Lẹ́tà U tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bó bá jẹ́ R, ti sáfà (server) ni. Ó máa wọ inú ihò wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò ní tàn. S ni ti laptop, ó kúrú. DDR2 àti DDR3 ní pin 240 bákan náà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀. Bí kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Wọ́n tún ń ta DDR3 kan lówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ AMD sí lára. Intel ni 7010, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ẹ bá da RAM tí eré ẹ̀ jẹ́ 1333 pọ̀ mọ́ ti 1600 (PC3-12800 nìyẹn), 1333 ni àwọn méjèèjì á máa sá. 4GB méjì sì dára ju 8GB kan lọ, torí méjèèjì á máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìyàtọ̀ náà hàn gan-an bí kò bá sí káàdì àwòrán lọ́tọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa fi sí i?

Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú ẹ̀ lè tán. Ẹ fọwọ́ kan irin tí wọn ò kùn lára ẹ̀. Iná tó máa ń ta pàrà bí a bá ń bọ́ ẹ̀wù lásìkò ọyẹ́ lè ba RAM jẹ́, bí ara yín ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí ìkọ́ orí méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ibi tí wọ́n gé bá ti inú ihò mu, kí ẹ fi àtàǹpàkò méjì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà títí ìkọ́ á fi dún kọ́, tí á sì pa dé fúnra ẹ̀. Ihò tí ìkọ́ wọn jẹ́ funfun ni ẹ kọ́kọ́ kún. Bó bá tàn tó ní iye RAM ti yí padà, ẹ tẹ F1, kò sí ewu.

Ojú ẹ̀ dúdú, ó ń ké pí-pí.

Ẹ tún yọ ọ́. Ẹ fi írésà ìkọ̀wé nu eyín aláwọ̀ góòlù rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ gbọn èérún ẹ̀ nù, kí ẹ wá dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ihò kan ṣoṣo. Èyí tí kò bá tàn níbi tí èkejì ti tàn, òun lẹ máa dá padà.

8GB ti pé, ó ṣì ń falẹ̀.

Ẹ ṣí Task Manager. Bí Memory kò bá dé ìdajì, tí Disk sì wà ní 100%, RAM kọ́ ló ń dà á láàmú, hard disk ni. SSD SATA 240GB, ìyẹn ibi ìkó-fáìlì-sí tó yára ju hard disk lọ, máa ràn án lọ́wọ́ ju RAM 16GB lọ.