Ẹ̀rọ Náà Kò Fà Yín, Awọ Ìka Yín Ló Gbà Bẹ́ẹ̀

Ẹni tí mo bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yìí lé lọ́wọ́ sábà máa ń yí i wò, ó ń wá okùn. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ló fi mú un, kò sì wúwo rárá, síbẹ̀ ó ń ṣe é bí ẹni pé nǹkan kan ń wọ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ sápá òsì. Kò sí okùn kankan. Ẹ̀rọ náà kàn ń gbọ̀n lójú kan ni.

Irin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, tí mágnẹ́ẹ̀tì ń tì lọ tì bọ̀. Bí àlọ rẹ̀ bá rí bí àbọ̀ rẹ̀, gbígbọ̀n lásán lẹ máa gbọ́ lára. Àṣírí rẹ̀ ni pé a kì í jẹ́ kí méjèèjì dọ́gba. Ká ní ẹnìkan di apá aṣọ yín mú, ó fà á gbì, ó wá rọra dẹ̀ ẹ́ padà. Aṣọ ti padà síbi tó wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi yín, ẹ ó ní wọ́n fà yín ni. Ta ló ń ka ìdẹ̀? Ohun tí à ń ṣe fún ìka nìyẹn, nígbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lílọ-bíbọ̀ kọ̀ọ̀kan wá gba ìdá 25 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá: a lè fi 7 fún ìfà gbì náà, ká fi 18 tó kù fún ìdẹ̀. Awọ máa ń tètè mọ ohun tó bá já gìrì, èyí tó rọra lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí.

Òfin Newton, pé nǹkan kì í dá fa ara rẹ̀ lọ láìsí ohun tó ń tì í láti ìta, kò yẹ̀ o. Bí ẹ bá ro ìfà pọ̀ mọ́ ìdẹ̀, òdo ni. Ẹ fi òwú gbé e rọ̀, kò ní lọ síbì kankan.

Ní nǹkan bí ọdún 2005 ni Tomohiro Amemiya àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù NTT ní Japan fi èyí hàn. Ẹ̀rọ tiwọn ìgbà náà tóbi díẹ̀. Nígbà tó di 2013, Jun Rekimoto, olùwádìí ará Japan, gbé irú ẹ̀rọ yìí kan tó ń jẹ́ Traxion jáde, èyí tí ìka méjì lè mú.

Wọ́n sábà ń bi mí bóyá áàpù kan lè mú kí fóònù ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ inú fóònù ń yí bìrí ni, gbogbo ọ̀nà ló ń tì sí, kò ní ibi kan pàtó tó kọjú sí. Ti ìgbàlódé ń lọ tààrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí agogo tí kò ní ju ohùn kan lọ. Ìfà gbì pẹ̀lú ìdẹ̀ pẹ̀lẹ́ sì ń fẹ́ ó kéré tán ohùn méjì tó ń dún pọ̀, tí ìkejì yára ní ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ẹ sọ ọ́ fún un bó ti wù kó rí, ohùn rẹ̀ kan náà ló máa dá padà.

Ẹni tó bá rí èyí tó dára dán wò, kó rọra mú un. Ìmú líle ń ba ìfà náà jẹ́. Kó má sì jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun, nítorí ìka á kú tipiri. Ìdí nìyẹn tí àwa tó ń ṣe irú èyí láti fi tọ́ afọ́jú sọ́nà fi ń jẹ́ kó fà díẹ̀ ní oríta, ká tún pa á.

Ohun tó ṣì ń dà wá láàmú ni gbígbọ̀n fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ń gbọ́, wọn ò mọ ìfà kankan lára.