Béèsì Yín Ò Kéré, Ibi Tí Ẹ Gbé Wúfà Sí Ni Ẹ Wò

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí ò ní béèsì." Ohun tí àwọn oníbàárà máa ń bá wọlé nìyẹn ní ọ̀dọ̀ àwa tí à ń tún rédíò ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ wá tan ẹ̀rọ náà wò: wọ́n ti yí bọ́tìnì béèsì dé òpin, Loudness wà ní títàn, Bass Boost wà ní títàn lórí fóònù, equalizer fóònù náà ti gòkè pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sí àárín, kí ẹ sì pa Loudness. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin jẹ́jẹ́ lóru ni wọ́n ṣe é fún, torí bí ohùn bá ti lọ sílẹ̀, etí wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìró ìsàlẹ̀, ìyẹn béèsì, mọ́. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Fletcher àti Munson, ti wọn èyí ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé e jáde ní 1933. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ìkómọ kò nílò rẹ̀.

Mi ò ní máa kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń so wáyà. Ohun kan péré ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí wáyà sípíkà ọ̀tún bá yí padà, tí ti òsì wà bó ṣe yẹ, bí ọ̀kan ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni èkejì ń fà á sẹ́yìn, béèsì á sì kú sí àárín wọn. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ pààrọ̀ wáyà ẹ̀yìn sípíkà kan ṣoṣo, ẹ tún tàn án. Èyí tí béèsì bá ti kún jù ló tọ̀nà. Bí àmì pupa àti dúdú bá ti pa rẹ́, ẹ tú wáyà sípíkà kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 V kàn án fìrí. Bí pépà wúfà (sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì) bá yọ síwájú, wáyà tó kan orí bátìrì ni pọ́sítíìfù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ìró 40 Hz, ìyẹn èyí tó ń gbọ̀n nígbà 40 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ju mítà 8 lọ nínú afẹ́fẹ́. Pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12 kò sì tó mítà 4. Ìró náà á lọ kan ògiri, á padà, á pàdé ara rẹ̀ lọ́nà. Nínú irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀, ìró tó sún mọ́ 47 Hz á kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri méjèèjì, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán láàárín. Baálé ilé tó gbé àga sí àárín ò ní gbọ́ nǹkan, á tún yí bọ́tìnì sí i. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri á máa di etí. Àga ni kí ẹ sún.

Ẹ gbé wúfà sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí. Ẹ fi orin tí gìtá béèsì rẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí i. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ máa rá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri (bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ rá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín). Ibi tí ohùn gìtá náà bá ti dọ́gba, tí ìkankan ò ta yọ ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni wúfà máa wà. Igun yàrá ló ń dún jù: láti ẹ̀gbẹ́ ògiri kan bọ́ sí igun, béèsì lè fi tó 6 dB (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe le tó) lé. Ìlọ́po mẹ́rin agbára ni ámpílífáyà máa ná kó tó ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n igun náà ló ń hó jù. Bó bá ń hó, ẹ máa fà á síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Páálí ẹyin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn kò mọ béèsì rí; tírébù (ìró òkè) díẹ̀ ló lè mú.

Bí wúfà bá ní ibi tí ẹ ti ń yan Hz tí kò ní gbé ìró kọjá, 80 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn sípíkà tó kù bá jẹ́ ínṣì 3 tàbí 4, ẹ lè gbé e dé 120. Ti bọ́tìnì Phase 0 àti 180, tó ń pinnu bóyá wúfà á jọ ti afẹ́fẹ́ síwájú pẹ̀lú àwọn sípíkà tó kù tàbí lódì sí wọn, ẹ jókòó kí ẹnì kan máa bá yín yí i. Èyí tó bá kún létí ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Kí ẹ tó wá yí bọ́tìnì béèsì, ẹ wá orin tí ìyáàlù dùndún ti ń fọhùn. Ìró ìsàlẹ̀ tó bá pọ̀ jù máa ń bo ti òkè mọ́lẹ̀ nínú etí. Ẹ yí i sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé "kí ló wí?", ẹ ti kọjá àyè, ẹ dá a padà títí oríkì tí ìlù ń kì á fi tún yé yín. Ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ nínú ẹ̀rọ tó fowó gidi rà, kí ló wá ń gbọ́?

Ó wá ku àwọn tó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á ní kí ẹ da wúfà dé ẹnu àmù. Òótọ́ ni, á dún. Ṣùgbọ́n ohùn kan ni àmù ní, bí inú àti ẹnu rẹ̀ bá ṣe tóbi tó; orin yòówù kí ẹ fi sí i, ohùn yẹn náà ló máa gbé síta. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ló ń jó twíta yín (sípíkà kékeré tó ń gbé ìró òkè) léraléra. Ayé wo? Iná NEPA ti wálẹ̀ sí 160 V, ẹ sì yí béèsì dé òpin. Ẹni tó fi 3 dB kún béèsì ti béèrè ìlọ́po méjì agbára níbẹ̀. 10 dB, ìlọ́po mẹ́wàá. Ámpílífáyà ò rí agbára yẹn, ó wá ń gé orí ìró kúrò. Gígé yẹn ló ń bí ìró òkè tí kò sí nínú orin, òun ló ń wọ twíta tó sì ń jó o.

Èyí tó burú jù ni "ẹ bá mi fi wúfà kan kún un." Wúfà 8 ohm méjì tí wọ́n so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti di 4 ohm (ohm ni bí wúfà ṣe ń dí iná lọ́nà tó; bó bá ṣe kéré ni iná ṣe ń pọ̀). Bí ẹ fi ẹ̀kẹta sí i, ó di nǹkan bí 2.7. Bí wọ́n bá kọ 8 sẹ́yìn ámpílífáyà yín, wọn ò fi ṣeré. Iná tó pọ̀ ju agbára tìrànsísítọ̀ lọ á máa gba inú rẹ̀ kọjá, á gbóná títí á fi jó, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń di ṣọ́ọ̀tù. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, iná DC (irú iná bátìrì) lè máa lọ tààrà sínú kọ́ìlì wúfà, kọ́ìlì náà sì lè gbiná, tòun ti pépà tó wà lára rẹ̀. Fíúsì ló yẹ kó já kó tó débẹ̀, àfi bí "ẹnjiníà" kan bá ti fi wáyà dí i. Bí fíúsì 3 A bá já, 3 A ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá tún já, ẹ gbé ẹ̀rọ wá. Bí ẹ bá sì tan ẹ̀rọ, tí orin ò tíì bẹ̀rẹ̀, tí pépà wúfà fò síwájú tàbí wọ inú lọ tí kò padà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀.