Nọ́ọ̀bù Onígi fún Jìtá Oníná: Ihò Ló Ni Iṣẹ́

Ẹni tó bá ń kan jìtá oníná fúnra rẹ̀ ní Òṣogbo kò ní wá igi nọ́ọ̀bù, ìyẹn orí róbótó tí a ń yí láti fi kún ohùn tàbí dín in kù, tì. Àgékù pákó wà nílẹ̀ ní ìsọ̀ káfíńtà. Kó ṣáà ti le, kó gbẹ, kó má ní kókó. Apá dára gan-an. Arère rọ̀ jù, ihò rẹ̀ a máa tètè jẹ. Ìrókò náà dára, àmọ́ eruku rẹ̀ máa ń yún imú àti ọ̀fun, kí èèyàn fi nǹkan bo imú. Ẹni tó bá sì sọ pé irú igi tí a fi ṣe nọ́ọ̀bù ń yí ohùn jìtá padà, ẹ jẹ́ kó máa sọ. Inú fólúùmù, ẹ̀rọ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ ń wọ inú nọ́ọ̀bù, ni iṣẹ́ ohùn ti ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ gé igi róbótó, wọ́n á dán an títí á fi máa kọ mọ̀nà, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àárín rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀bù wọn fi ń jó bí wọ́n bá yí i. Bí ihò bá fi 0.5 mm yẹ̀, etí nọ́ọ̀bù á fi odidi 1 mm lọ, á fi bọ̀. Ihò ló yẹ kó ṣáájú, ká wá gbẹ́ igi yí i ká.

A ní láti mọ ọ̀pá fólúùmù kí a tó lu nǹkan kan. Èyí tí orí rẹ̀ là sí méjì, tó ní eyín wínníwínní, sábà máa ń jẹ́ 6 mm. Èyí tó dán tí kò là sábà máa ń jẹ́ 6.35 mm. Ìyàtọ̀ náà dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ bí a bá fi tipátipá ti 6.35 sínú ihò 6, igi á là. Bí a bá ki 6 sínú ihò 6.35, nọ́ọ̀bù á máa yí lásán. Káálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nínípọn nǹkan, ni ká fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú.

Gé igi tó nípọn ní 18 mm sí igun mẹ́rin, 25 mm ní ìbú àti òró. Fa ìlà láti igun dé igun. Ibi tí méjèèjì ti pàdé, fi ìṣó tẹ̀ ẹ́. Bíìtì (irin ẹnu dírìlì) pẹlẹbẹ 16 mm ló kọ́kọ́ wọlé, 3 mm péré, kí nọ́ọ̀tì fólúùmù lè ráyè wọ̀ sí abẹ́. Láìsí ìyẹn, nọ́ọ̀bù á dúró lókè bíi fìlà tó kéré ju orí lọ. Òun ló gbọ́dọ̀ ṣáájú nítorí ṣóńṣó rẹ̀ nílò igi tí á gún mọ́lẹ̀. Bí ihò 6 mm bá ti wà níbẹ̀, á máa rìn kiri. Lẹ́yìn náà ni bíìtì ihò gan-an wá. Wọn gíga ọ̀pá láti ojú jìtá, fi 1 mm kún un, kí o fi téèpù sàmì sára bíìtì, kó má bàa yọ lókè.

Bí kò bá sí dírìlì olórí-ìdúró, èyí tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, gbé dígí kékeré lélẹ̀ sórí igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà. Bí bíìtì àti òjìji rẹ̀ inú dígí bá di ìlà kan ṣoṣo, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, ó dúró ṣánṣán.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn nìyí. Gé orí bóòtù 6 mm kúrò, fi ẹnu kan sínú dírìlì tí a ti dè mọ́ tábìlì, yí téèpù bébà mọ́ ẹnu kejì, kí o ki nọ́ọ̀bù bọ̀ ọ́. Fi ayùn gé àwọn igun títí igi á fi ní ojú mẹ́jọ. Kó máa yí, kí sánpépà 80 máa jẹ ẹ́, kí 120, 240 àti 400 tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn kò kọ́ ìṣirò, síbẹ̀ koríko tó jẹ máa ń róbótó, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè bóyá èèkàn wà láàárín pápá. Ihò ni èèkàn. Kódà bó bá yẹ̀ díẹ̀ nínú igi, etí á ṣì yí i ká dọ́gba. Èèkàn tó ń mì ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí náà kí téèpù fún.

Wọ́n máa ń sọ pé ọyẹ́ ló ń mú ihò nọ́ọ̀bù fẹ̀. Irọ́ ni. Bí igi bá ń gbẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń sún kì, tihòtihò. Ó ń sún kì lọ́nà ìbú ju bó ṣe ń sún kì lọ́nà ìṣàn igi lọ, ihò róbótó á wá dà bí ẹyin, á fún ọ̀pá lọ́rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Irin kì í gbà, igi ló máa là. Nọ́ọ̀bù tí a fi igi tútù ṣe nínú òjò oṣù Kẹjọ, tí a sì fi òòlù gbá wọlé, lè ti là kí oṣù Kìíní tó parí. Kí igi tí a gé wà nínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó lu ú, kí àtàǹpàkò sì tó láti tì í wọlé.

Bó bá wá dẹ̀, má fi Super glue kàn án. Alágbẹ̀dẹ lè fi iná sọ ìrù àdá sínú èèkù rẹ̀ títí láé. Àdá kò ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n máa tú lábẹ́ èèkù. Fólúùmù ní, gọ́ọ̀mù náà sì lè ṣàn tẹ̀lé ọ̀pá wọ inú rẹ̀, kó gan. Fún ọ̀pá tó là, fi ṣóńṣó ọ̀bẹ la ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Fún èyí tó dán, yọ ọ̀fun idẹ tó ní sukúrúù lára nọ́ọ̀bù rédíò tó ti kú, fi gọ́ọ̀mù Araldite lẹ̀ ẹ́ sínú ihò tó gbà á, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Sukúrúù tó ń mú igi lásán kì í pẹ́ jẹ ojú ihò rẹ̀.