Ẹ Yéé Bi Mí Pé Ẹ̀rín Ni Àbí Ẹkún

Ìgbàkígbà tí mo bá gbé eré Anton Chekhov, òǹkọ̀wé eré ará Rọ́ṣíà, sórí ìtàgé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń kó wá síbi tíkẹ́ẹ̀tì: "Ọ̀gá, ṣé èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín ni àbí èyí tó ń pani lẹ́kún?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tó yẹ kó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fi bírò pupa sàmì sí ibi ẹ̀rín nínú ìwé eré, wọ́n á fi búlúù sàmì sí ibi ẹkún. Mo ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo sì ti sọ ọ́ sẹ́yìn fèrèsé.

Kì í ṣe Chekhov ló dá pípo ẹ̀rín mọ́ ẹkún sílẹ̀. Ọdún 438 ṣáájú ìbí Krístì ni wọ́n ti ṣe Alcestis, eré Euripides ará Gíríìkì, ní Athens: wọ́n sin Alcestis tán, akọni Heracles tó mutí yó lọ gbà á padà lọ́wọ́ Ikú. Ṣùgbọ́n The Cherry Orchard (Oko Igi Ṣẹ́rì) ti Chekhov ni mo fẹ́ sọ. Ranevskaya, obìnrin tó ni oko náà, ti Paris dé sílé ní Rọ́ṣíà, gbèsè ti mu ilé àti oko wọn dọ́rùn, wọ́n máa lù ú ní gbàǹjo ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ. Lopakhin, tí bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀ ṣe ẹrú nínú oko ọ̀hún, ló wá rà á.

Chekhov ní ẹ̀fẹ̀ lòun kọ, pé ibòmíràn tiẹ̀ jẹ́ yẹ̀yẹ́ pátápátá. Stanislavski, tó fẹ́ darí rẹ̀ ní Moscow Art Theatre, kà á, ó sunkún, ó sì kọ̀wé sí i pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá, eré apanilẹ́kún ni. Oṣù kìíní ọdún 1904 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Pósítà pè é ní dírámà, inú bí òǹkọ̀wé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà títí dòní. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ojú aago ló wà.

Chekhov kọ lẹ́tà sí ìyàwó rẹ̀, Olga Knipper, tó ń ṣe Ranevskaya. Ó ní ìpín tó kẹ́yìn, tí kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 12 lọ, ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n ń fi ṣe é, pé Stanislavski ti ba eré òun jẹ́. Ìṣẹ́jú 12! Ẹ tún un kà. Ẹrù ti wà ní dídì, ọkọ̀ ojú irin ò ní dúró de ẹnikẹ́ni, Trofimov akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bàtà òjò rẹ̀ kiri. Wọ́n wá fi Lopakhin àti Varya, ọmọ tí Ranevskaya gbà tọ́, nìkan sílẹ̀ kí ọkùnrin náà lè sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Kí ni wọ́n sọ? Òtútù. Ọkùnrin ní òtútù mú, obìnrin ní ohun tí àwọn fi ń wọn òtútù ti fọ́. Ẹnì kan pe ọkùnrin náà níta, ó sáré jáde. Ìyàwó ti bọ́ nìyẹn.

Bí àwọn òṣèré bá yára ṣe é, òǹwòran á rẹ́rìn-ín sí òpè ọkùnrin yìí, ẹ̀rín ò sì ní tíì kúrò lẹ́nu wọn tí wọ́n á fi rí Varya nílẹ̀ tó ń sunkún. Bí wọ́n bá fà á, tí wọ́n ń wòkè bí ẹni ń retí áńgẹ́lì, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó máa sunkún. Fóònù ni wọ́n á máa wò.

Ẹ wo ìpín kẹta náà. Lopakhin ti ibi gbàǹjo dé, òun ló ni ilé báyìí, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀. Varya gbé ọ̀pá láti na Yepikhodov akọ̀wé. Orí Lopakhin tó ń wọlé ló bà lé. Onílé tuntun fi kókó orí wọlé! Mo máa ń mú wọn dán ọ̀pá yẹn wò títí wọ́n á fi máa ṣépè fún mi. Bó bá pẹ́ díẹ̀ péré, ìjà lásán ni.

Àwọn kan tó ń pe ara wọn ní olùdarí kì í ka aago. Wọ́n á fi dùùrù sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ẹkún, wọ́n á gba aláwàdà kan sí i, wọ́n á ní àwọn ti po méjèèjì pọ̀. Àwọn mìíràn á sọ fún mi pé bí òkú àgbà ni, tí à ń sunkún tí à ń jó. Rárá o. Níbi òkú àgbà, gbogbo wa la mọ ohun tí à ń ṣe. Àwọn ará ilé Ranevskaya ò mọ̀.

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti sú mi jù lọ ni ti Firs, ìránṣẹ́ ẹni ọdún 87. Wọ́n rò pé wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n lọ. Ó bú ara rẹ̀ díẹ̀, ó dùbúlẹ̀, kò mira mọ́. Àáké ń dún lára igi níta. Chekhov ò sọ pé ó kú. Baba tí mo fi ṣe Firs nígbà kan kò yọ mí lẹ́nu nígbà ìdánrawò, àfi ìgbà tí eré ku ọ̀la tí àwọn ọmọ rẹ̀ dé. Wọ́n ní wòlíì àwọn rí ìran, pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé ń fa ikú wọlé. Mo ní iṣẹ́ ni. Wọ́n lọ, mo rò pé ó parí.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, baba dùbúlẹ̀ bó ṣe yẹ. Àáké dún. Mo ti ní kí wọ́n máa fa aṣọ ìtàgé bọ̀ nígbà tí Firs jókòó ṣánṣán, ó nawọ́ sókè: "Èmi kì yóò kú, bíkòṣe yíyè!"

Gbogbo gbọ̀ngàn ní "Àmín!" Àwọn kan dìde dúró. Ẹlòmíràn wá sórí ìtàgé wá ná baba lówó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gba ẹlòmíràn, ó dùbúlẹ̀, ó sì dákẹ́. Baba ọ̀hún le koko di bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń pè mí kí n san owó iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà fún òun. Mo ti ní kó lọ gbà á lọ́wọ́ wòlíì.