Battlefield: àwọn ọmọ Amiga ló bí i, ìlẹ̀kùn títì ló bà á jẹ́

Níbikíbi tí àwọn olólùfẹ́ Battlefield bá ti pàdé, ìjà kan náà ni wọ́n máa ń jà: ìgbà wo gan-an ni géèmù ìbọn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn? Àwọn kan á ní ọdún 2018 ni, nígbà tí Battlefield V jáde. Àwọn mìíràn á ta kú pé 2021 ni, ọdún Battlefield 2042. Àwọn tó ti wà nídìí ẹ̀ tipẹ́ á ní láti 2008 ni nǹkan ti wọ́, nígbà tí Bad Company jáde fún kọ́ńsóòlù nìkan tí wọn ò ṣe é fún kọ̀ǹpútà rárá. Èmi náà ní ọdún tèmi, màá sì sọ ọ́. Àmọ́ ẹni tí kò bá mọ ibi tí Battlefield ti ṣẹ̀ wá kò lè mọ ìgbà tó ṣìnà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jiyàn yìí ló sì rò pé ọdún 2002 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Electronic Arts (EA) gbé Battlefield 1942 jáde. Ó ti pẹ́ jùyẹn lọ dáadáa.

Ilẹ̀ Sweden ni ká ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ní kọ̀ǹpútà Amiga ní ìparí àwọn ọdún 1980. Lásìkò yẹn, àwọn ọ̀dọ́ kan káàkiri Yúróòpù mọ bí wọ́n ṣe ń já àgádágodo tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń ti géèmù kí ẹnikẹ́ni má baà dà á kọ. Bí wọ́n bá já a tán, wọ́n á fi àmì ara wọn síwájú géèmù náà: orúkọ ẹgbẹ́ wọn á máa jó lójú ẹ̀rọ, orin á máa dún, wọ́n á sì máa kí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn lórúkọ lórúkọ. Nígbà tó yá, àmì yìí wá dùn mọ́ wọn ju géèmù tí wọ́n já lọ. Wọ́n ń ṣe é lọ́tọ̀, wọ́n ń pè é ní demo, wọ́n á sì kóra jọ sínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà wọn, tọ̀sán-tòru, láti wo ẹni tí tirẹ̀ máa ta yọ. Kódà nígbà tí kò sí àgádágodo kankan nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, àṣà kíkí ẹgbẹ́ mìíràn ò parẹ́. Amiga 500 tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò kò ní ju kílóbáìtì 512 ìrántí lọ, iyára ọpọlọ rẹ̀ kò sì ju mẹ́gáháàtìsì 7 àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mú ohun tó ya èèyàn lẹ́nu jáde nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní láti tú u palẹ̀ títí dé eegun. Èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn: àwọn tó ń tú iṣẹ́ oníṣẹ́ palẹ̀ kí wọ́n lè fi ṣe tiwọn.

Ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ náà ni The Silents. Inú ẹ̀ ni Fredrik Liliegren, Andreas Axelsson, Olof Gustafsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti jáde lọ dá ilé-iṣẹ́ géèmù Digital Illusions sílẹ̀ ní ìlú Växjö lọ́dún 1992. Òun ni gbogbo ayé ń pè ní DICE lónìí. Géèmù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Pinball Dreams, kò ní ìbọn kankan nínú: tábìlì mẹ́rin, bọ́ọ̀lù irin kan, apá méjì tí èèyàn fi ń gbá a padà sókè. Ṣùgbọ́n ẹ wo bọ́ọ̀lù yẹn dáadáa. Ó wúwo. Bó bá kan etí apá, ibi tó ti kàn án gan-an ló máa pinnu ibi tó máa gbà, tábìlì náà á sì máa bá a lọ sókè sódò láìgbọ̀n, lórí ẹ̀rọ tí agbára ẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ mi ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ohun tí Battlefield fi yàtọ̀ sí gbogbo géèmù ìbọn yòókù, ìyẹn ni pé kí nǹkan ní ìwúwo, kí èèyàn gbá a, kí ẹnikẹ́ni má sì ti kọ ibi tó máa já sí sílẹ̀. Ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.

Síbẹ̀, DICE nìkan kọ́ ló bí Battlefield. Òbí kejì ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun sì ni mo torí ẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Refraction Games lorúkọ ilé-iṣẹ́ náà, Sweden kan náà ni wọ́n wà. Lọ́dún 1999 wọ́n gbé géèmù kan jáde tó ń jẹ́ Codename Eagle. Ìtàn inú ẹ̀ ni pé Ogun Àgbáyé Kìíní kò wáyé rárá, Rọ́ṣíà ló ń gba ilẹ̀ kiri, wọ́n sì rán amí kan lọ dí i lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe àgbéyẹ̀wò géèmù ò fi ojúure wo apá tí èèyàn ń dá gbá, mi ò sì ní jà fún un. Apá àjọgbá ni kí ẹ wò. Ilẹ̀ tó fẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi mọ́tò, bàálù àti ọkọ̀ ojú omi síbẹ̀ bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni ín. O lè wọ mọ́tò, kó o sọ̀ kalẹ̀, kó o sáré lọ gbé bàálù, kó o gbé e já lu òkè, kò sẹ́ni tó máa dá ẹ dúró. Ọdún yẹn kan náà ni Quake III Arena àti Unreal Tournament jáde, inú yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì ti sábà ń yìnbọn nínú àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń sáré.

Kí ló fà á tó fi jẹ́ ibẹ̀ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti hù? Èrò tèmi ni pé àìtó owó àti àìtó èèyàn ló bí i. Ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń gbówó kalẹ̀ láti kọ gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí agbágéèmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ibi tí ilé máa wó sí, ibi tí ọ̀tá máa ti yọ. Ilé-iṣẹ́ kékeré ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù fún un ni kó da ohun ìṣeré sílẹ̀, kó ní kí àwọn èèyàn lọ máa bá ara wọn ṣeré. Mo sì rò pé àwọn fúnra wọn ti gbá apá àjọgbá náà pa mọ́ra nínú ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n tó mọ̀ pé òun gan-an ni géèmù tí wọ́n ń ṣe.

Lọ́dún 2000, DICE ra Refraction. Patrick Söderlund tó jẹ́ ọ̀gá Refraction bá wọn wọlé, ó sì wá di olórí DICE fúnra rẹ̀. Lars Gustavsson náà wá, ẹni tí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà wá ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Battlefield. Ẹ́ńjìnnì Codename Eagle, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí géèmù náà ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, tó ń jẹ́ Refractor, tẹ̀ lé wọn wọlé, orí ẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ Battlefield 1942 lé. Ta ló tún kù tó máa ní 2002 ni ìbẹ̀rẹ̀?

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò máa sọ. Wọ́n á ní géèmù Tribes ti ní ilẹ̀ tó fẹ̀ àti ọkọ̀ láti 1998. Ó ní in, àmọ́ fífò ni wọ́n ń fò nínú Tribes, ọkọ̀ kì í ṣe ọkàn rẹ̀. Wọ́n á ní Team Fortress ló kọ́kọ́ pín iṣẹ́ fún àwọn jagunjagun, tí oníṣègùn yàtọ̀ sí amí. Òótọ́ ni, aṣọ tí wọ́n yá wọ̀ nìyẹn. Àwọn tó sì ní wọ́n ń fara wé Medal of Honor: Allied Assault nítorí Ogun Àgbáyé Kejì, kí wọ́n wo ọjọ́: January 2002 ni ìyẹn jáde, oṣù mélòó ló wà láàárín ẹ̀ àti September ọdún kan náà tí Battlefield 1942 jáde?

Demo erékùṣù Wake (kì í ṣe irú demo àwọn ọmọ Amiga, apá kan géèmù tí wọ́n fi sílẹ̀ kí èèyàn tọ́ ọ wò ni) ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ 1942, kí géèmù fúnra rẹ̀ tó dé ní ọjọ́ 10 oṣù September. Erékùṣù náà tẹ̀ bíi pátákò ẹṣin, àwọn ará Amẹ́ríkà wà lórí ẹ̀, àwọn ará Japan sì ń bọ̀ láti orí ọkọ̀ ogun tó ń gbé bàálù. Ẹnì kan á wọ bàálù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò ríbi jókòó á gun apá bàálù náà, á dúró síbẹ̀. Wọ́n á gbéra. Bí wọ́n bá dé orí pápákọ̀ òfuurufú àwọn ọ̀tá, ẹni tó wà lórí apá á bẹ́, á ṣí páráṣúùtù, á bọ́ sídìí àsíà, á sì gbà á nígbà tí àwọn tó yẹ kó ṣọ́ ọ ń yìnbọn sí bàálù lókè. Kò sí ìtàn kankan nínú géèmù náà tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn 64 ló lè wà lójú ogun lẹ́ẹ̀kan, ìlù Joel Eriksson ló sì ń kí wọn káàbọ̀. Codename Eagle tó ti dàgbà lẹ ń wò yẹn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ mi jù. Àwọn agbágéèmù bẹ̀rẹ̀ sí í tú 1942 palẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Amiga ti ṣe. Mod ni wọ́n ń pe irú àtúnṣe tí agbágéèmù bá ṣe sí géèmù bẹ́ẹ̀. Forgotten Hope tún ogun náà ṣe kó lè bá ìtàn mu. Trauma Studios ṣe Desert Combat: wọ́n kó Ogun Àgbáyé Kejì dànù, wọ́n gbé ogun aṣálẹ̀ òde òní wọlé, pẹ̀lú hẹlikópítà. DICE rí i pé ọ̀nà nìyẹn, ó ra Trauma ní 2004, Battlefield 2 tó jáde ní June 2005 sì jẹ́ ogun òde òní. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ti Trauma pa, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí dòní. Battlefield 2 fúnra rẹ̀ bí mod Project Reality, inú Project Reality sì ni àwọn tó ṣe géèmù Squad ti wá. Ẹ ò rí i bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń ṣàn? Aláìlórúkọ kan á tú géèmù palẹ̀, ohun tó bá ṣe níbẹ̀ á sì di ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá máa tọ̀.

EA gba DICE tán pátápátá ní 2006. Bad Company mú ẹ́ńjìnnì tuntun, Frostbite, wá ní 2008, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wó, ó sì dùn, mi ò ní parọ́. Lẹ́yìn náà ni Battlefield 3 jáde ní October 2011, ó rẹwà, ó tà, àmọ́ kò sí irinṣẹ́ kankan fún àwọn tó ń ṣe mod. Wọ́n ní Frostbite ti le jù fún wọn. Ọdún tèmi nìyẹn, 2011. Láti ọjọ́ náà, àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì nìkan ló ń ro ohun tí Battlefield máa dà.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Battlefield 4 jáde ní 2013 tòun ti àléébù. Hardline sọ ọ́ di ọlọ́pàá àti olè ní 2015. Battlefield 1 tún un gbé dìde ní 2016. Nígbà tí àwọn èèyàn ń ráhùn nípa Battlefield V ní 2018, Söderlund ará Refraction yẹn gan-an ló ní kí ẹni tí kò bá gbà á má rà á, ó sì kúrò ní EA lọ́dún kan náà, ó lọ dá Embark Studios sílẹ̀. 2042 kó èèyàn 128 sójú ogun, ó yọ ìpín iṣẹ́ kúrò, kò sí apá àdágbá, kódà kò sí pátákó àmì-ayò lọ́jọ́ tó jáde. Ọdún 2023 ni ìpín iṣẹ́ tó padà wá. Gustavsson ti lọ ní tiẹ̀ ní 2022. Battlefield 6 dé ní ọjọ́ 10 October 2025, ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, ó ta ju mílíọ̀nù 7 lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àríyànjiyàn sì tún ti bẹ̀rẹ̀ pé àwọn máàpù rẹ̀ ti kéré jù.

Èmi ò bá wọn jà lórí fífẹ̀ máàpù. Portal inú Battlefield 6 ni mo ń ṣọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti dá irinṣẹ́ díẹ̀ padà sọ́wọ́ àwọn agbágéèmù: wọ́n lè gbé ògiri, kí wọ́n gbé ọkọ̀ síbi tó wù wọ́n, kí wọ́n kọ òfin tuntun fún ogun. Ohun tí DICE ti ṣe tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n sì lè fi ṣe é. Hẹlikópítà Desert Combat ò sí nínú 1942 kí àwọn Trauma tó gbé e wọlé.