Fọ́tò kọ́ ni ìlàjà

Fọ́tò tí wọ́n máa ń yà lẹ́yìn ìjà ẹ̀sìn ló máa ń bí èèyàn nínú. Pásítọ̀ àti Ìmáàmù á bọ ara wọn lọ́wọ́, àwọn ọ̀dọ́ á tò sẹ́yìn wọn, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á pín ráìsì, wọ́n á ní ìjà ti parí. Kò tíì parí o.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń to eegun lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé e. Wọn kì í ṣàdédé fi igi di ẹsẹ̀ tó kán. Wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ wá ojú ibi tó ti kán, wọ́n á fà á títí eegun á fi bọ́ sípò, ẹni yẹn á ké gan-an, kí wọ́n tó wá dì í. Tí wọ́n bá dì í láìtò ó, á jinná àmọ́ á wọ́, á máa tiro kiri, àfi kí wọ́n tún un ṣẹ́.

Nínú ìlàjà náà, fífà yẹn gan-an niṣẹ́. Àwọn tó ń làjà kì í kó àwọn ọ̀dọ́ tó bára wọn jà pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ mọ́ṣáláṣí á ṣe mítìn tiwọn lọ́tọ̀, tàwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀, lọ́dọ̀ àgbà ẹ̀sìn tí wọ́n fọkàn tán, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ ẹni tí wọ́n pa fún wọn, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n dáná sun, tó bá wá pẹ́ díẹ̀, ohun tí àwọn náà ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń dunni jù. Ìgbà tí wọ́n bá tó pàdé, kálukú á sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹnì kejì pa dà fún un, títí onítọ̀hún á fi ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn.

Àwọn tó ń to eegun tún máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n á jọ máa tọ́jú ẹ̀ pẹ̀lú ti aláìsàn, ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni wọ́n á tú igi. Ìlàjà náà ní irú adìyẹ bẹ́ẹ̀. Ní Kàdúná, Pásítọ̀ James Wuye pàdánù ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ nínú ìjà ẹ̀sìn lọ́dún 1992, Ìmáàmù Muhammad Ashafa náà pàdánù olùkọ́ ẹ̀ àti mọ̀lẹ́bí méjì, apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn méjèèjì sì wà nígbà yẹn. Lọ́dún 1995 wọ́n jọ dá ibùdó ìlàjà sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ tiwọn torí wọ́n rí i pé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ti ń rìn.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni owó, torí àwọn tó ń náwó sí i fẹ́ rí àbọ̀ láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n á ti tú igi nígbà tí adìyẹ ṣì wà nílẹ̀.