Oòrùn kọ́ ló ń fa omi rédíétọ̀ alùpùpù gbẹ

Bí omi rédíétọ̀ alùpùpù ńlá bá ń dín kù, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i kó kán sílẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ní Ìbàdàn ni pé, "Oòrùn ló fà á gbẹ, ẹ ṣáà máa bu omi sí i." Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ́pọ̀ kò ṣòro mọ̀. Àwọn ọ̀kadà tó kún ìgboro, irú bíi Bajaj Boxer, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì wọn lára. Wọn ò ní rédíétọ̀ rárá. Ẹni tó fi wọn kọ́ṣẹ́ lè má mọ̀ pé ṣe ni wọ́n dé omi alùpùpù ìrìn-àjò pa.

Omi yẹn máa ń gbóná dé ìwọ̀n 80 sí 100 Celsius àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Kí ni oòrùn 35 fẹ́ fi ṣe é? Bó bá gbóná tó fẹ̀, fáàfù inú ìdérí rédíétọ̀ á ṣí, èyí tó pọ̀jù á gba họ́ọ̀sì kékeré lọ sínú ike ìpamọ́. Bó bá tutù, rédíétọ̀ á tún fà á padà. Tí omi bá ń dín kù lemọ́lemọ́, ó ń jáde níbì kan ni. Àyè kan ṣoṣo tí ẹ lè fojú fò ni ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ omi: afẹ́fẹ́ tó há sínú á jáde, omi á sì lọ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì.

Kí ló dé tí a kì í fi í rí i? Ó lè kán sórí páìpù èéfín kó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba orí férémù rìn lọ sí ẹ̀yìn, kó máa kán níbi tí kò ti jáde. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní láti pọ̀: ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú kan, fún wákàtí 8, á di ẹ̀kán 480, ìyẹn bíi mílílítà 24. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lóròòru, ó ti lé ní mílílítà 160 ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà gan-an rèé. Rọ́bà àti irin máa ń sún kì bí wọ́n bá tutù. Họ́ọ̀sì tó ti gbó tí kílíìpù rẹ̀ sì ti dẹ̀ lè máa jò ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kó sì dí fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ẹni tó bá gun un láti Òjóò dé Challenge kó tó gbé e fún mẹkáníìkì ti gbé e lọ nígbà tí kò jò. Mẹkáníìkì á wò ó títí, kò ní rí nǹkan kan, ẹjọ́ á sì di ti oòrùn.

Nítorí náà, òwúrọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn tó ti sùn mọ́jú. Ẹ tú ike ìbòrí ara rẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún lósì. Ẹ wá ibi tí àwọ̀ kúláǹtì (èròjà aláwọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀) ti gbẹ mọ́ bí eruku funfun tàbí aláwọ̀ ewé; ibi tó ga jù nínú wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lẹ́yìn náà, ẹ so páǹpù ìdánwò, èyí tó ń fún afẹ́fẹ́ wọlé tó sì ní aago ìwọ̀n, mọ́ ẹnu rédíétọ̀, kí ẹ fún un dé iye tó wà lára ìdérí, má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ọ̀pọ̀ ìdérí, 1.1 ni wọ́n kọ, ìyẹn 1.1 bar, bíi 16 psi lórí aago páǹpù. Ẹnu alùpùpù sábà máa ń kéré ju ti mọ́tò, torí náà ẹ mú ìdérí yín dání bí ẹ bá ń wá ẹnu páǹpù tó bá a mu ní Àràrọ̀mí, Agodi Gate.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ ká ìwé ìnujú funfun tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tì í bọ abẹ́ kílíìpù kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ewé tàbí pupa á hàn lára rẹ̀ kí ojú tó rí omi. Ẹ má ṣe ìdánwò yìí bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń tutù lọ, torí ọwọ́ aago páǹpù á lọ sílẹ̀ láìsí pé ohunkóhun jò.

Bó bá jẹ́ kílíìpù, ẹ tú họ́ọ̀sì, ẹ fi sáńpépà tó kúnná nu ìpẹtà ẹnu irin, kí ẹ tó dì í padà. Bí rọ́bà bá ti le tàbí tó sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lábẹ́ páǹpù omi, ihò kékeré kan wà. Bí kúláǹtì bá ń jáde níbẹ̀, síìlì páǹpù, ìyẹn ohun tó ń dí omi mọ́ inú rẹ̀, ti jẹ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù dí i! Ihò náà ló ń jẹ́ kí omi jáde síta dípò kó wọ inú ọ́ìlì. Bí ẹ bá dí i, omi lè rí ọ̀nà gbà sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì á funfun bí ògì, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́.

Bí ike ìpamọ́ bá kún ṣùgbọ́n tí rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ kò kún, ìdérí tàbí họ́ọ̀sì kékeré yẹn ló ní àìsàn. Ẹ́ńjìnnì tutù nìkan ni ẹ lè ṣí ìdérí yẹn wò.

Kí wọ́n tó sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí (ohun pẹlẹbẹ abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ́ kí èéfín wọ inú omi) ti jó, ẹ bèèrè àmì: ṣé omi ń hó bí ọṣẹ láti ìgbà tí ẹ ti ṣáná sí i, ṣé họ́ọ̀sì le kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná? Oògùn olómi búlúù wà tí wọ́n fi ń dán èéfín wò lẹ́nu rédíétọ̀. Ó máa ń di àwọ̀ yẹ́lò bí èéfín bá wà nínú omi. Ìdánwò yẹn kò gbówó tó títú orí ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí ẹ bá ń bu omi padà, kúláǹtì ìlàjì, omi tí a sè tí a sì gba oruku rẹ̀ padà di omi (distilled water) ìlàjì, irú èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì. Ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa kó má jẹ́ ásíìdì. Píọ̀ wọ́tà àti omi kànga ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, èyí tó ń dì mọ́ ihò tóóró inú rédíétọ̀.